Bàbá Oníná Ń Dáhùn: Fáànù Ilé Ìdáná Tó Ń Tani Lọ́wọ́

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Oníná, ẹ kú iṣẹ́ o. Oúnjẹ ni mo ń tà ní Mọ́níyà, n'Íbàdàn: ìrẹsì, dòdò, ẹja díndín. Ilé ìdáná mi kéré, èéfín sì ń ta mí lójú, ni mo bá ra fáànù ara ògiri tó ń fa èéfín síta, oní-íǹṣì mẹ́jọ. Káfíńtà tó kan ṣẹ́ẹ̀fù fún mi ló bá mi lu ògiri tó sì so ó mọ́ iná, ó ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí. Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní báyìí ó ń gbọ̀n, ó ń pariwo, kì í sì í fa èéfín bíi tàtẹ̀yìnwá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pa súwíìṣì rẹ̀, mo fi àkísà tútù nù ún, ló bá ta mí lọ́wọ́ bí agbọ́n. Ṣé kí n kán òróró sí i ni, àbí kí n ra èyí tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ? Jẹnẹrétọ̀ mi tún wà lábẹ́ fèrèsé ẹ̀yìn, èéfín rẹ̀ sì máa ń wọlé bá wa. Ṣé fáànù yìí ò lè fa ìyẹn náà síta ni? Èmi Ìyá Olóńjẹ, Mọ́níyà.

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ oúnjẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan fáànù yẹn mọ́ títí oníná tó mọṣẹ́ yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú gbogbo lẹ́tà yín, ibi tó ti ta yín lọ́wọ́ yẹn ni àyà mi ti já. Ẹ ti pa súwíìṣì, síbẹ̀ iná wà lára rẹ̀.

Lójú tèmi, àṣìṣe méjì ló pàdé ara wọn níbẹ̀. Ó jọ pé wáyà níútúrà, èyí tí iná ń gbà padà, ni káfíńtà yín gbé gba inú súwíìṣì, nígbà tó jẹ́ wáyà láìfù, èyí tó ń gbé iná bọ̀, ló yẹ kí súwíìṣì máa já. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lè pa á kí fáànù dúró, iná á ṣì wà nínú mọ́tò rẹ̀. Ìkejì ni pé kò jọ pé áàtì, wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà wọlẹ̀, wà níbẹ̀. Bí omi àkísà bá wọ inú rẹ̀, tàbí tí wáyà kan bá ti bó, iná á dé ara irin fáànù. Bí kò bá sì rí wáyà áàtì gbà wọlẹ̀, ara ẹni tó fọwọ́ kàn án ni yóò gbà. Iná ilé wa tó 230 volt, Màmá. Ọwọ́ tútù ò gbọdọ̀ pàdé rẹ̀.

Mo ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Lọ́dún 2011, ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi gun àkàbà láti tú irú fáànù yìí ní ilé oúnjẹ kan. Wọ́n ti mú iná lọ láti àárọ̀, ọmọ náà kò sì fa bírékà, súwíìṣì ńlá tó ń já iná ilé, wálẹ̀, torí ó ní kò kúkú sí iná. Orí àkàbà ló wà tí iná fi dé. Ó já bọ́, apá rẹ̀ kán. Òun náà ti di ọ̀gá lónìí, àmọ́ èmi ni mo rán an gòkè lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi. Láti ìgbà yẹn, iná ì báà wà, ì báà má sí, màá fa bírékà wálẹ̀, màá dá ṣéńjì-ófà, èyí tí a fi ń yan iná ìjọba tàbí ti jẹnẹrétọ̀, sí àárín, màá pa ínfátà bó bá wà, màá sì fi tẹ́sítà kan wáyà kọ̀ọ̀kan kí n tó tú ìdè kankan.

Tí oníná yín bá dé, kó gbé láìfù, tó máa ń pupa tàbí kó ní àwọ̀ igi kákáò, gba inú súwíìṣì. Kí dúdú tàbí búlúù jẹ́ níútúrà. Kí wáyà aláwọ̀ ewé wà fún áàtì. Kó má gbára lé àwọ̀ nìkan o, torí ẹni tó so wáyà ṣáájú lè ti pààrọ̀ wọn. Bí wọn kò bá tíì ri irin áàtì mọ́lẹ̀ nílé yín, kó rì í. Bó bá jẹ́ pé púlọ́ọ̀gì lẹ fi ń tàn án, kí fíúsì inú rẹ̀ jẹ́ 3 amp, má ṣe jẹ́ 13. Fáànù tó ń jẹ nǹkan bíi 40 watt kò lò tó ìdá mẹ́rin amp kan. Bí wáyà tín-ín-rín rẹ̀ bá ń jóná, fíúsì 13 á kàn máa wò ó ni.

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ wàyí. Fáànù yìí gan-an ló ń fa èéfín náà wọlé fún yín. Bó bá ti lé afẹ́fẹ́ jáde, afẹ́fẹ́ mìíràn gbọ́dọ̀ wọlé rọ́pò rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, fèrèsé ẹ̀yìn ni yóò gbà, níbi tí jẹnẹrétọ̀ jókòó sí. Òórùn tí ẹ ń gbọ́ kọ́ ló burú jù. Carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú èéfín náà, kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀. Orí fífọ́, òòyì àti èébì lẹ máa kọ́kọ́ rí, ó sì lè pa gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ náà jìnnà sí gbogbo fèrèsé àti ilẹ̀kùn lónìí, kí ẹ kọ ihò èéfín rẹ̀ sí ìta gbangba. Nígbàkúùgbà tí fáànù bá ń ṣiṣẹ́, kí ilẹ̀kùn tó kọjú sí i wà ní ṣíṣí.

Ẹ má ra èyí tó tóbi. Ọ̀rá ló dì mọ́ apá fáànù yín. Bó bá ti wúwo lápá kan ju apá kejì lọ, á máa gbọ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ ń dín ẹja lójoojúmọ́, kí wọ́n máa tú u fọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fa bírékà wálẹ̀: omi gbígbóná àti ọṣẹ fún apá àti ìbòrí rẹ̀, àkísà gbígbẹ fún mọ́tò, kó sì gbẹ kí wọ́n tó dá a padà. Ọ̀rá yẹn máa ń gbiná, nítorí náà fáànù ò gbọdọ̀ wà gẹ́ẹ́rẹ́ lókè agbada. Ní ti òróró, ẹ má fi ti oúnjẹ sí i láé. Á di bí àtè nínú mọ́tò. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ni, ẹ̀kán méjì péré, bí mọ́tò náà bá jẹ́ irú èyí tó ń gba òróró. Bó bá ń kùn tí kò sì yí, kí wọ́n pa á kíá, torí ó ń gbóná nìyẹn.

Ohun kan wà tí ẹ kò bi mí, mi ò sì lè gbé e mì. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn gáàsì, ẹ má tan fáànù, bó bá sì wà ní títàn, ẹ má pa á. Iná fẹ́ẹ́rẹ́ máa ń ta nínú súwíìṣì. Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń sùn sí, fáànù òkè kò lè kó o. Ẹ ti ẹnu sílíńdà pa, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí gbogbo yín jáde.

Títí oníná yóò fi dé, ẹ máa dín ẹja yín níta. Bó bá sì parí iṣẹ́, ẹ ní kó fi tẹ́sítà kan ara irin fáànù náà níṣojú yín, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú súwíìṣì ní títàn, lẹ́ẹ̀kan ní pípa. Bí tẹ́sítà bá tàn, ẹ má tíì sanwó fún un.