Ìborùn sányán tí ọmọ mi gé

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìwé fẹ́ kó ọmọ mi, ọmọ ọdún 9, lọ wo kápẹ́ẹ̀tì àti aṣọ àtijọ́ àwọn ará Páṣíà ní mùsíọ́mù V&A ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní ṣé àwa náà ní aṣọ tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹtù ìyá mi wà nínú àpótí. Ṣé kí n fún un kó mú un lọ sí kíláàsì? Èmi Ìyá Bùsọ́lá.

Ìdáhùn: Ìyá Bùsọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún un.

Ọmọ ọdún 10 ni tèmi nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n mú àkísà wá fún iṣẹ́ ọwọ́. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe. Nígbà tí mo wọlé láàárọ̀, ó ti gé ìborùn sányán ìyá mi sí mẹ́rin, ó gé e gún régé, ó ti fi góòmù lẹ ọ̀kan mọ́ páálí, ó ń retí kí n yin òun. Mo nà án. Ta ló sọ fún un pé aṣọ ìyá àgbà ni? Inú náílọ́nù ni mo dì í sí, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú àwọn bàtà tó ti gbó. Ó ti pé ọmọ ọdún 23 báyìí, kò sì tíì bi mí ní nǹkan kan nípa aṣọ ilé wa láti ọjọ́ náà.

Ẹ bá wọn lọ. Kápẹ́ẹ̀tì Ardabil ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ó gùn ju mítà 10 lọ. Òwú sẹ́dà ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bí sányán tiwa náà ṣe jẹ́ òwú kòkòrò, irun àgùntàn ni wọ́n wá so lé e ní kókó kéékèèké. Wọ́n hun orúkọ Maqsud ará Kashan sí i lára, pẹ̀lú ọdún 946 ti àwọn Mùsùlùmí, ìyẹn 1539 sí 1540. Ìṣẹ́jú 10 péré ni wọ́n ń tan iná sí i ní gbogbo ààbọ̀ wákàtí, bí aago bá lù àti bí ó bá di ààbọ̀, kí àwọ̀ rẹ̀ má bàa ṣí. Ẹ ní kó ní sùúrù. Ibojì Ṣéékì Safi ní Ìráànì ni wọ́n ti kó o wá; méjì ni wọ́n, wọ́n gé lára ọ̀kan láti fi tún èkejì ṣe. Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, mi ò lè dúró níbẹ̀ mọ́.

Àwọn kan á ní ó yẹ kí n ti kọ́ ọ nílé. Kí ẹni tó bá fi iṣẹ́ alẹ́ tọ́ ọmọ mẹ́ta nílùú òyìnbó wá bá mi wí.

Ní ti ẹtù, ẹ tú u sílẹ̀ nílé ná. Ẹ jẹ́ kó fi bora, kó gbóòórùn rẹ̀, ẹ sọ ọjọ́ tí ìyá yín ró o fún un. Ti kíláàsì, mi ò lè bá yín pinnu ẹ̀.

Ègé mẹ́rin náà wà lọ́wọ́ mi. Góòmù ò tíì kúrò lára ọ̀kan.