Èsì: Ṣé a lè sùn nínú bọ́ọ̀sì létí odò Ògùn lóṣù Kẹsàn-án?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún un di oṣù Kejìlá. Lóṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá, wọ́n lè tú omi sílẹ̀ ní dáàmù Ọ̀yán, tí omi rẹ̀ ń ṣàn wọ odò Ògùn, kí odò sì kún l'Ábẹ́òkúta láìjẹ́ pé òjò kán níbẹ̀ rárá. Ẹ wo ara igi: ibi tí ẹrẹ̀ gbígbẹ àti pàǹtí há sí lẹ́ka, omi ti débẹ̀ rí. Ẹ páàkì sókè jù ú lọ dáadáa, kí imú ọkọ̀ kọjú sọ́nà. Bí táyà bá rì sínú iyanrìn, ẹ má tẹná. Ńṣe ló máa gbẹ́lẹ̀ sí i. Ẹ yọ afẹ́fẹ́ táyà díẹ̀, ẹ ki pákó sábẹ́ rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ fèrèsé o, gáàsì tó ń pani nínú èéfín rẹ̀ kì í rùn.