Àbúrò tó ń ti Heathrow lọ sí Glasgow, ṣọ́ra fún tíkẹ́ẹ̀tì

Àbúrò mi, o ní aago márùn-ún ìdájí ni bàlúù rẹ máa balẹ̀ sí Heathrow, pé o ní àpótí ńlá méjì, Glasgow sì ni yunifásítì tí o fẹ́ lọ ka máástà wà. O wá bi wá pé ibùdókọ̀ ojú irin wo ni kí o lọ ní London, àti pé ṣé kí o ti ra tíkẹ́ẹ̀tì láti Ìbàdàn ni àbí kí o débẹ̀ ná.

Euston ni. Wọ́n lè sọ fún ẹ pé King's Cross, ṣùgbọ́n Leeds, Newcastle àti Edinburgh ni ọkọ̀ ibẹ̀ ń lọ. Wọ Piccadilly line, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ní Heathrow, bọ́ọ́lẹ̀ ní King's Cross, kí o wọ́ ẹrù rẹ gba Euston Road lọ sí Euston. Kò jìnnà.

Ti tíkẹ́ẹ̀tì ló le, torí ojú mi rí màbo níbẹ̀. Ọdún 2022 ni, èmi náà ń ka máástà lọ́wọ́. Mo ní Railcard 16-25, káàdì ẹ̀dínwó tó ń yọ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú owó ọkọ̀. Bí o bá tilẹ̀ ti lé ní ọdún 25, wọ́n máa fún ẹ bí o bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ full-time. Wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ ní ìlú kan tí kò jìnnà. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí fóònù. Ọkọ̀ aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àárọ̀ ni mo mú. £15 ni owó rẹ̀, Railcard sọ ọ́ di £9.90.

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní kí n tètè máa bọ̀. Mo wo tíkẹ́ẹ̀tì mi, "Anytime" ni wọ́n kọ sára rẹ̀ gàdàgbà. Èmi gbà pé ìgbàkígbà ni ìtumọ̀ ìgbàkígbà, mo bá wọ ọkọ̀ aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ọkùnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò dé ọ̀dọ̀ mi, ó fi ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ kan fóònù mi, ó dákẹ́, ó tún un kàn. Ó ní láti Monday sí Friday, láàrin aago mẹ́rin ààbọ̀ sí mẹ́wàá àárọ̀, ẹni tó bá lo Railcard yẹn kò gbọ́dọ̀ san ohun tó dín sí £12. £2.10 péré ló kù! Mo na káàdì báńkì mi sí i, mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó kọ̀. Orúkọ mi àti àdírẹ́sì mi ló kọ sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n dárúkọ kóòtù nínú rẹ̀, mo kà á. Èmi tí mo wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́, oorun dá lójú mi. Mo kọ̀wé, mo fi rìsíìtì sí i, mo ṣàlàyé ohun gbogbo. Èsì tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò dáhùn ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí mo kọ. Ìgbà tí mo san ohun tó lé ní £150 ni wọ́n tó fi mí sílẹ̀. Inú ṣì ń bí mi sí àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì tí wọ́n ń kọ irú òfin bẹ́ẹ̀ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Nígbà tí irú rẹ̀ di ariwo ní 2024, ìjọba ní kí Office of Rail and Road, àjọ tó ń ṣàbójútó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin, yẹ ọ̀ràn náà wò. Owó tèmi kò padà wá.

Má sì wọkọ̀ láìní tíkẹ́ẹ̀tì o. Láti January 2023, penalty fare, ìyẹn owó ìtanràn ẹni tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì, ní England ti di £100 pẹ̀lú owó ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Gba agbára sí fóònù rẹ kí ó kún, torí bó bá kú mọ́ ẹ lọ́wọ́, o ò ní tíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn lójú wọn. Ní Euston, wàá rí èrò tí wọ́n gbójú sókè sí pátákó, torí nígbà mìíràn ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó kọ nọ́ńbà pílátífọ́ọ̀mù síbẹ̀. Bó bá ti yọ báyìí, eré ni. Di àpótí rẹ mú dáadáa.

Ní ti pé kí o ti rà á láti Ìbàdàn, Advance, ìyẹn tíkẹ́ẹ̀tì tí èèyàn rà sílẹ̀ ṣáájú, ló máa ń dínwó, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan ṣoṣo tí o mú ló wà fún. Bí bàlúù bá pẹ́, tàbí ìlà ìmígíréṣọ̀n gùn, ó ti lọ nìyẹn. O lè pààrọ̀ rẹ̀, àmọ́ kí ọkọ̀ náà tó gbéra ni, wọ́n sì lè gbowó lé e. Má mú ọkọ̀ tó máa gbéra ṣáájú aago mọ́kànlá. Glasgow Central ni wàá bọ́ọ́lẹ̀ sí, kì í ṣe Queen Street, kí ẹni tó ń bọ̀ wá pàdé ẹ má lọ dúró síbòmíràn.