Kí wọ́n tó gún ajá rẹ lábẹ́rẹ́, ní kí wọ́n fi ìgò oògùn hàn ọ́

Àbúrò mi ní Àjàṣẹ́, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní ọmọ ajá tí wọ́n fún ọ ti pé oṣù méjì, ológbò rẹ sì lóyún. O fẹ́ mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n máa gún fún àwọn méjèèjì, o sì ní ìyá ọkọ rẹ ń sọ pé ajá tí kì í jáde nílé kò nílò abẹ́rẹ́ kankan. Kétu ni mo wà, ní Benin níbí. Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa, èyí ló jẹ́ kí n gbé ọwọ́ sókè láti dá ọ lóhùn.

Kì í ṣe kan náà. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi nìkan ni ajá àti ológbò jọ ń gbà. Ajá ní tirẹ̀ tó ń dènà parvo (àrùn tó ń fi èébì àti ìgbẹ́ gbuuru pa ọmọ ajá), àrùn Carré (èyí tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní distemper) àti àrùn ẹ̀dọ̀. Ológbò ní tirẹ̀ tó ń dènà typhus ológbò, èyí tó ń fi èébì àti ìgbẹ́ gbuuru pa ọmọ ológbò, pẹ̀lú àwọn àrùn tó ń mú ojú àti imú wọn ṣomi. Láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni ọmọ ajá ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra títí á fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi, ó di ìgbà tó bá pé oṣù mẹ́ta. Tí ọdún bá yípo, wọ́n á tún gún un. Dókítà ẹranko èyíkéyìí á ka gbogbo èyí fún ọ láì mí. Ohun tí wọn kì í sọ ni mo fẹ́ sọ.

Ajá mi, Tanímọ̀la, gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Òṣìṣẹ́ kan ló wá gún un nínú àgbàlá wa. Ó kọ ọjọ́ sí ìwé pélébé kan, ó fọwọ́ sí i, ó sì ní carnet náà nìyẹn, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ abẹ́rẹ́ ajá sí. Mo béèrè pé òǹtẹ̀ ńkọ́, bébà tó wà lára ìgò oògùn ńkọ́? Ó ní kò pọn dandan. Ó gba owó rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tó yá, ajá náà ń jẹun, ọmọ àbúrò mi obìnrin fẹsẹ̀ kọ àwo rẹ̀, ajá bá bù ú jẹ lẹ́yìn ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń dà. A gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì wo ìwé mi, ó ní kò sí nọ́ńbà oògùn, kò sí òǹtẹ̀, nítorí náà lójú òun, ajá náà kò gba abẹ́rẹ́. Inú bí mi, àmọ́ òótọ́ ló sọ. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ tí kò parí ni inú mi ń bí sí títí di òní.

Wọ́n ní kò sí abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ti èèyàn níbẹ̀, ká lọ sí ibòmíràn. Ibòmíràn ní àárọ̀ nìkan ni wọ́n ń gún un. Ẹ̀kẹta ní ká padà lọ gba ìwé lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́. Orí zémidjan, ọ̀kadà akérò, ni ọmọ wà ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, ìyá rẹ̀ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá kan tí wọ́n ní ó mọ̀ nípa ẹran ọ̀sìn wá sọ fún mi lórí fóònù pé kí n pa ajá náà kíá, kí ọ̀rọ̀ tán. Kí n tó délé, àwọn ọkùnrin ilé wa ti gbé kùmọ̀ àti àdá, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo dúró síwájú ajá yẹn. Mo bẹ̀ wọ́n, mo sì bínú sí wọn.

Àbúrò, fetí sílẹ̀ dáadáa. Ajá tó bá bu èèyàn jẹ, tí ara rẹ̀ sì dá, a kì í sáré pa á. A máa ń so ó mọ́lẹ̀, a máa ń ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Tí ara rẹ̀ bá ṣì le lẹ́yìn ọjọ́ 10, kò sí dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bu èèyàn jẹ. Tó bá sì kú, ọpọlọ rẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ẹni tó fi kùmọ̀ fọ́ orí ajá ti ba ẹ̀rí jẹ́. Ẹni tí ìjọba ń san owó oṣù fún ló yẹ kó mọ èyí, èmi ni mo wá ń kọ́ ọ.

Tanímọ̀la kò kú, ó wà níbí. Ọmọ náà parí abẹ́rẹ́ rẹ̀, torí pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń gún un fún èèyàn, ó ń lọ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ẹ kò sì gbọdọ̀ dá a dúró láàárín láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Ohun kan tó tọ́ tí a ṣe lọ́jọ́ náà ni pé a fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15 kí a tó gbéra. Ìyá àgbà fẹ́ fi ata àti epo pupa sí i. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ata, epo, ewé tàbí kọfí lílọ̀ sí ojú egbò ajá láéláé. Bí dìgbòlugi bá ti fara hàn lára èèyàn, ikú ló ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ló ń bá a lọ lọ́dọọdún, ajá ló sì ń kó o ran ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Kì í sì í ṣe gbogbo ajá tó ní in ló ń sáré kiri. Òmíràn á kàn sá pamọ́, àgbọ̀n rẹ̀ á jábọ́, kò ní lè gbé nǹkan mì, àwọn èèyàn á rò pé eegun ló há a lọ́fun, wọ́n á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má dán an wò.

Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ rẹ: ajá tí kì í jáde ń mí, ó sì ń gbóòórùn bàtà yín. Bàtà ló ń gbé parvo wọlé. Ó lè wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọṣẹ lásán kò pa á, Javel (bleach, oògùn tí a fi ń fọ aṣọ funfun) ló ń pa á. Tí ajá kan bá ti kú nínú àgbàlá yín tẹ́lẹ̀, sọ fún dókítà kí ọmọ ajá yìí tó máa rìn nílẹ̀. Kí o má sì gbé e lọ sí ọjà tàbí ilé ẹnìkejì kó tó gba ti ọ̀sẹ̀ 16. Níhìn-ín ní Kétu, ajá ọdẹ ń ti Ìlárà lẹ́nu ààlà Nàìjíríà wọlé, ó ń jáde, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé lọ́wọ́ wọn.

Ìdí tí wọ́n fi ń tún un gún léraléra ni pé ààbò tó wà nínú wàrà ìyá ajá máa ń bá abẹ́rẹ́ jà nínú ọmọ, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí ààbò yẹn máa tán. Má jẹ́ kí wọ́n sọ fún ọ pé ẹ̀ẹ̀kan ti tó.

Bí wọ́n bá gbé oògùn dé, wo ibi tó ti jáde. Oògùn yìí gbọ́dọ̀ wà láàárín ìtutù 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nínú fìríìjì tàbí kúlà oní-yìnyín. Ẹni tó fi nílọ́ọ̀nù gbé e kọjá nínú oòrùn ti sọ ọ́ di omi lásán. Èyí tó bá dì bíi yìnyín náà ti bàjẹ́. Kà á kí o rí ọjọ́ tó máa parí. Ní kí wọ́n yọ bébà ìgò náà lẹ̀ mọ́ carnet, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ ajá àti àwọ̀ irun rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ̀, gbé owó rẹ padà.

Ológbò tó lóyún, jẹ́ kó bí, kó sì já àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọmú ná, torí pé abẹ́rẹ́ tí kòkòrò rẹ̀ ṣì wà láàyè lè ba ọmọ inú jẹ́. Àwọn ọmọ náà, láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, bíi ti ajá. Tí wọ́n bá gún wọn, jókòó síbẹ̀ fún nǹkan bí ìlàjì wákàtí. Tí ojú bá wú tàbí tó bá ń bì, padà wọlé lọ́gán. Oorun púpọ̀ lọ́jọ́ náà àti kókó kékeré níbi tí wọ́n gún kì í ṣe ohun tó yẹ kó dẹ́rù bà ọ́.