Ẹran Cheesesteak Kì Í Ṣe Ẹran Ọbẹ̀

Ẹ béèrè ìdí tí búrẹ́dì ẹlẹ́ran àti wàràkàṣì, èyí tí àwọn ará ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà ń pè ní cheesesteak, fi máa ń rin gbingbin, tí ẹran rẹ̀ sì máa ń le, nígbàkígbà tí ẹ bá ṣe é nílé. Ohun kan náà ni ojú mi rí fún ọdún méjì gbáko lẹ́yìn tí mo kó dé ìlú náà, mo sì mọ ibi tí àṣìṣe mi wà nísinsìnyí: bí a ti ń bọ ẹran ọbẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe é. Mo máa ń da gbogbo ẹran sínú páànù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo máa ń wọ́n iyọ̀ sí i, mo sì máa ń dé e, títí omi ara rẹ̀ yóò fi jáde. Omi yẹn ni adùn ọbẹ̀, ṣùgbọ́n níbí, òun ni ó ń ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́, nítorí ẹran tí ó bá ti jókòó sínú omi kò lè yan mọ́.

Ribeye, ìyẹn ẹran màlúù tí a gé láti ibi ìhà, ni kí ẹ rà, nítorí ọ̀rá tí ó wà láàárín rẹ̀. Ẹ fi í sínú fíríìsà fún nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú, kí ó le díẹ̀ láìdi yìnyín, nígbà náà ni ọ̀bẹ mímú yóò lè gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ wo ibi tí àwọn okùn ara ẹran náà kọ orí sí, kí ẹ sì gé wọn ní ìbú. Bí ẹ bá gé e ní òòró, eyín yín ni yóò máa fa okùn gígùn wọ̀nyẹn já.

Ẹ kọ́kọ́ fi iná jẹ́jẹ́ dín àlùbọ́sà títí yóò fi rọ̀, kí ẹ kó o kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí páànù onírin gbóná títí òróró yóò fi fẹ́ rú èéfín, kí ẹ tẹ́ ẹran tí kò ju 200 gíráàmù lọ sí i, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú kan. Ìgbà tí ẹ bá yí i padà ni kí ẹ tó fi iyọ̀ sí i.

Nígbà tí Pat Olivieri bẹ̀rẹ̀ sí í ta oúnjẹ yìí ní gúúsù Philadelphia ní 1930, ẹran àti àlùbọ́sà ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn ni wàràkàṣì dé. Provolone, wàràkàṣì àwọn ará Ítálì, ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn mìíràn ń lo Cheez Whiz, ìyẹn wàràkàṣì rírọ̀ inú ìgò, tàbí wàràkàṣì tí wọ́n ń pè ní American cheese, tí irú iyọ̀ pàtàkì kan nínú rẹ̀ ń so ọ̀rá àti omi pọ̀ bí ó bá ń yọ́. Mo fi wàràkàṣì cheddar tí ó ti pẹ́ dán an wò rí, òróró rẹ̀ sì yà sọ́tọ̀, ó ṣàn sínú búrẹ́dì. Ẹ da àlùbọ́sà padà sórí ẹran, kí ẹ tẹ́ wàràkàṣì lé e lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa iná, kí ẹ da búrẹ́dì tí ẹ ti là láìgé e já bò ó, kí ooru wọ̀ ọ́ díẹ̀, kí ẹ tó fi ṣíbí pẹlẹbẹ gbé gbogbo rẹ̀ yí padà.

Búrẹ́dì gígùn tí èèpo rẹ̀ le díẹ̀ ni ó yẹ. Mo fẹ́ràn búrẹ́dì Àgége gidigidi, ṣùgbọ́n ó rọ̀ jù, ó sì dùn jù fún iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá sì ń ṣe é fún ènìyàn mẹ́rin, ìgbà mẹ́rin ni kí ẹ tẹ́ ẹran sí páànù. Ìgbà kọ̀ọ̀kan kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.