Ṣúgà ń ga, ikọ́ ẹ̀gbẹ kò tètè lọ: ṣé kí bàbá dá oògùn dúró?

Ìbéèrè: Ọjọ́ ti pẹ́ tí bàbá mi ti ní àtọ̀gbẹ. Metformin àti Daonil ni wọ́n ń lò, ṣúgà wọn kì í sì í kọjá 130 láàárọ̀. Wọ́n wá rí ikọ́ ẹ̀gbẹ lára wọn. Oṣù méjì rèé tí wọ́n ti ń gba oògùn ọ̀fẹ́, ṣúgà ti di 260, kòkòrò ṣì wà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní oògùn ikọ́ ló fà á, kí wọ́n dá a dúró ná. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá a dúró, kódà fún ọjọ́ kan. Lílo oògùn ikọ́ ségesège ló ń sọ kòkòrò tó ṣeé pa di èyí tí oògùn ò ká mọ́.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín kì í ṣe irọ́ pátápátá. Rifampicin wà lára oògùn mẹ́rin tó pa pọ̀ nínú hóró tí bàbá ń lò. Ó máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè tú àwọn oògùn mìíràn ká, Daonil sì wà lára wọn. Iye tí bàbá ń gbé mì kò yí padà, ṣùgbọ́n èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ti dín kù. Ikọ́ náà fúnra rẹ̀ sì ń gbé ṣúgà sókè, bí àìsàn líle ti máa ń ṣe. Rifampicin kì í ba insulin jẹ́ báyìí. Nítorí náà, dókítà lè fi insulin rọ́pò Daonil títí ìtọ́jú yóò fi parí, tàbí kó fi kún metformin bí kíndìnrín bá dára. Kì í ṣe iṣẹ́ kẹ́míìsì àdúgbò.

Ní ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ṣúgà tó ga ń sọ sẹ́ẹ̀lì funfun tó yẹ kó gbé kòkòrò mì di aláìlágbára. Oògùn wá ń dá jà. Ìdí nìyẹn tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ alátọ̀gbẹ fi sábà máa ń pẹ́ kó tó mọ́, tí ikọ́ sì lè padà lẹ́yìn ìtọ́jú. Kí wọ́n tún àyẹ̀wò ṣe lóṣù kẹta, kí wọ́n sì wò ó bóyá kòkòrò náà ti ń kọ oògùn. Kí wọ́n tún gbé bàbá sórí ìwọ̀n: hóró mẹ́ta lójúmọ́ ni ti ẹni tó wà láàárín kílò 40 sí 54, mẹ́rin ni ti 55 sí 70. Bí wọ́n bá ti sanra sí i, ó yẹ kí oògùn wọn pọ̀ sí i.

Àárọ̀ ni nǹkan máa ń dà rú jù. Inú òfìfo ni oògùn ikọ́ fẹ́, oúnjẹ sì ni oògùn ṣúgà fẹ́. Bí bàbá bá jí, kí wọ́n fi omi lo ti ikọ́, kí wọ́n dúró fún wákàtí kan, kí wọ́n wá jẹun pẹ̀lú metformin. Wọn kò gbọ́dọ̀ lo Daonil tàbí insulin nígbà tí oúnjẹ kò tíì délẹ̀. Ẹ má sì gbọ́ ti àwọn tó ní kí wọ́n máa mu Malt àti Lucozade kí wọ́n lè lókun. Mọ́ínmọ́ín, ẹyin àti ẹja ni kí ẹ fún wọn.

Ẹ béèrè fún vitamin B6 pẹ̀lú, nítorí isoniazid, tó wà lára oògùn ikọ́ mẹ́rin náà, àti àtọ̀gbẹ jọ ń ba iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ jẹ́. Bí ojú wọn bá ń ṣe bàìbàì, ẹ sọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ethambutol, tí òun náà wà lára mẹ́rin yẹn, lè fà á.

Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé nìyí: bí oògùn ikọ́ bá parí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, agbára rifampicin á kúrò lára láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Bí wọ́n bá ti fi kún oògùn ṣúgà tí wọn kò sì dín in kù, ṣúgà lè já wálẹ̀ lójijì. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́ nígbà yẹn. Bí ara wọn bá ń gbọ̀n, tí òógùn ń bò wọ́n, tàbí tí ó bá wọlẹ̀ ju 70 lọ, ẹ po ṣíbí kékeré mẹ́rin ṣúgà mọ́ omi fún wọn, ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì pe dókítà.