Kí ló bó awọ àtẹ́lẹsẹ̀ Douglas Mawson, olùṣàwárí ilẹ̀, ní Antarctica?
Ebi ni, àti ẹ̀dọ̀ ajá, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ dókítà ṣe gbà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 1912, Ninnis, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ń bá a rìnrìn àjò, já sínú kòtò yìnyín pẹ̀lú àgọ́ àti èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ wọn. Ni Mawson àti Mertz, ẹnì kejì, bá ń pa ajá wọn jẹ, tẹ̀dọ̀tẹ̀dọ̀. Fítámínì A inú ẹ̀dọ̀ ajá sì máa ń pọ̀ débi tó lè bó awọ ara, kódà tó lè pani. Mertz kú ní oṣù Kìíní. Àtẹ́lẹsẹ̀ Mawson ṣí kúrò odindi! Ó so ó padà, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ lé e, ó ń rìn lọ. Ó ṣeni láàánú pé ìgbà tó fi máa dé ibùdó, Aurora, ọkọ̀ ojú omi tó yẹ kó gbé e lọ sílé, ti gbéra ní wákàtí díẹ̀ ṣáájú.